Fámpáyà mi kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Kí ni mo gbàgbé?

Àdùkẹ́_Òǹkọ̀wé · Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ ìtàn kan ní Yorùbá. Ọkùnrin kan kó wá sí ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ti kú láti nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń mu. Mo ti kọ ojú-ìwé 34. Mo fún àbúrò mi obìnrin kà. Ó kà á tán lórí bẹ́ẹ̀dì, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó ní, "Àǹtí mi, ọkùnrin yín yìí dà bí òṣìṣẹ́ báńkì tí kò rí oorun sùn."

Ó dùn mí wọra. Gbogbo ohun tí fámpáyà ń ní ni mo fún un: eyín, agbára, ó ń fò, ó ń ka ọkàn èèyàn bí ìwé, ìbọn ò ràn án. Síbẹ̀ kò ba ọmọ ọdún 19 lẹ́rù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka irú ìtàn yìí, tẹ́ ẹ ti wo fíìmù rẹ̀, kí ló wà lára àwọn fámpáyà tẹ́ ẹ ò lè gbàgbé, tí kò sí lára tèmi?

Bàbá_Fíìmù · 9:40 alẹ́

Àdùkẹ́, o ṣeun tó o gbé e wá. Ohun tó o kà sílẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn ìtàn rẹ. Ohun tó lè ṣe ni gbogbo rẹ̀. Kí ni kò lè ṣe?

Wo Dracula tí Bram Stoker kọ ní 1897. Alágbára ni lóòótọ́, àmọ́ èèwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti ọba lọ. Kò lè wọ ilé tí ẹnì kan nínú ilé náà ò bá kọ́kọ́ ní kó wọlé. Kò lè dá omi tó ń ṣàn kọjá àfi ní wákàtí tí òkun bá kún tàbí tó dákẹ́. Àwòrán rẹ̀ kì í hàn nínú dígí. Orí erùpẹ̀ ìlú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sùn, ìdí nìyẹn tó fi di erùpẹ̀ sínú àpótí 50, tó kó o wọ ọkọ̀ òkun lọ sí England. Nígbà tí ìwé náà ń lọ sópin, àpótí làwọn tó ń lé e ń wá kiri London, wọ́n ń bà wọ́n jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèwọ̀ wọ̀nyẹn ló ń ti ìtàn náà lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ní "oòrùn ńkọ́?": nínú ìwé Stoker, ọ̀sán gangan ni Dracula ń rìn ní London, agbára rẹ̀ ló kàn ń dínkù. Àwọn ará Jámánì ló fi oòrùn pa fámpáyà, nínú fíìmù Nosferatu ti 1922. Wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ìdílé Stoker, opó rẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́, kóòtù sì ní kí wọ́n ba gbogbo ẹ̀dà fíìmù náà jẹ́. Àwọn kan ṣẹ́ kù. Fíìmù òkú-tí-kò-kú, òun náà kò kú.

Kòsómi · 9:43 alẹ́

Kò lè wọlé àfi tí wọ́n bá ní kó wọlé? Lánlọ́ọ̀dù mi burú ju Dracula lọ nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ tiẹ̀, kì í sì í kànkùn.

Ìyá_Ìbejì_Peckham · 10:20 alẹ́

Kòsómi, o ò ní pa mí 😂

Àdùkẹ́ ọmọ mi, èmi ò mọ̀wé lámọ̀jù. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka Dracula, lójú ọ̀nà iṣẹ́ òru. Kì í ṣe eyín ló dẹ́rù bà mí. Bẹ́ẹ̀dì ni. Ọmọkùnrin lọ́yà yẹn, Jonathan Harker, ti dé ilé Dracula, olóyè náà, ní Transylvania. Wọ́n ń fún un ní oúnjẹ gidi, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, àmọ́ kò rí ìránṣẹ́ kankan. Lọ́jọ́ kan ló bá olóyè fúnra rẹ̀ níbi tó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó tún yọjú láti àlàfo ara ilẹ̀kùn, ó rí i tó ń to abọ́ sórí tábìlì. Ìgbà yẹn ló yé e pé awakọ̀ ẹṣin tó wá gbé e lóru, òun náà ni.

Ẹ fi ojú àwa Yorùbá wò ó. Olóyè tó ní ilé tó tó odi ìlú, kò sí ìyàwó tó jáde wá kí àlejò, kò sí ọmọ, kò sí ẹni tó lè bu omi wá. Òun gan-an ló ń gbọn ìrọ̀rí. Níbo làwọn ará ilé yòókù wà? Mo dé ibẹ̀, mo pa ìwé dé, mo gbé e sábẹ́ báàgì.

Olùkọ́_Àgbà · 11:05 alẹ́

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ìbéèrè yín yẹn, níbo làwọn ará ilé wà, ó ti pẹ́ ju Stoker lọ.

Fámpáyà tí àwọn ará abúlé ní Serbia ń bẹ̀rù láàárín 1725 sí 1732 kì í ṣe olóyè, kò sì rẹwà. Ará abúlé bíi tiwọn ni. Òkú ará ilé ẹni ni, ó wú, ojú rẹ̀ pọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn tirẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ padà sí. Ìjọba Austria tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà rán àwọn òṣìṣẹ́ àti dókítà ológun lọ. Wọ́n hú òkú, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, ìwé ìròyìn sì gbé e káàkiri Yúróòpù.

Polidori ló yí i padà. Dókítà Lord Byron, akéwì ará England, ni, kò ju ọmọ 20 ọdún lọ nígbà náà. Ní 1816, òjò kò jẹ́ kí wọ́n jáde nínú ilé tí wọ́n gbà lẹ́bàá adágún Geneva. Eérú òkè ayọnáyèéfín Tambora tó bú ní 1815 ló ba ojú ọjọ́ jẹ́. Byron ní kí olúkúlùkù kọ ìtàn ẹ̀rù. Ibẹ̀ ni Frankenstein ti Mary Shelley ti bẹ̀rẹ̀. Polidori mú ìtàn kan tí Byron pa tì, ó sọ ọ́ di The Vampyre. Ó jáde ní 1819, orúkọ Byron ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi tà á (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé fún ẹlòmíràn, ẹ kú ìrọ́jú). Lord Ruthven inú rẹ̀ kì í jáde láti sàréè abúlé. Pálọ̀ àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ń pè é sí. Ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan rìnrìn-àjò, ó gba ìbúra lẹ́nu rẹ̀ pé kò ní sọ ohun tó mọ̀ fún ẹnikẹ́ni fún ọdún kan àti ọjọ́ kan. Kí ọjọ́ náà tó pé, Ruthven ti ń fẹ́ àbúrò ọ̀dọ́mọkùnrin náà obìnrin.

Ẹ̀rù méjì ló wà níbẹ̀, Àdùkẹ́. Ẹ̀rù ará ilé tó kú tó padà, àti ẹ̀rù àlejò tó o fi ọwọ́ ara rẹ gbà wọlé. Èwo ni tìẹ? Nítorí àwa náà ní àkúdàáyà. Ó kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n rí i ní Kàdúná níbi tó ti ń tajà, ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yọjú ló ń pòórá. Àkúdàáyà ń sá fún àwọn èèyàn rẹ̀. Òkú abúlé Serbia ń wá tirẹ̀ kiri. Ibẹ̀ ni kó o lọ gbẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Òru · 11:52 alẹ́

Ọ̀rọ̀ òkú tó wú yẹn kò ṣàjèjì sí wa lẹ́nu iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń kóra jọ nínú ikùn òkú, tó ń wú u. Omi pupa ń gba ẹnu àti imú jáde. Awọ ń sún kì, èékánná á wá dà bíi pé ó gùn sí i. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti jáde lọ jẹun ni. Bí wọ́n bá wá ti igi bọ̀ ọ́ láyà, afẹ́fẹ́ á gba ọ̀fun jáde, á dún bí ẹni tó kérora.

Mo ti gbọ́ ohùn yẹn rí. Èmi àti ẹnì kejì mi ń yí òkú bàbá kan padà láti nù ún, aago mẹ́ta òru, wọ́ọ̀dù dákẹ́ rọ́rọ́. Mo mọ ìdí rẹ̀, wọ́n kọ́ mi ní ilé-ìwé, mo tiẹ̀ gba máàkì lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ṣì fẹ́ sá.

Àdùkẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà 5. Èyí tí a ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ kò ju nǹkan bíi mílílítà 450. Tí ọkùnrin rẹ bá mu èèyàn kan gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ikùn rẹ̀ á yọ. Jẹ́ kó yọ. Jẹ́ kí ẹni tó ń gbálẹ̀ ojúde rí i láàárọ̀ pé bẹ́líìtì rẹ̀ ti dé ihò tó kẹ́yìn.

Ọmọ_Ẹlẹ́kọ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:31 àárọ̀

Mo ti ń kà yín bọ̀. Ẹ máà bínú o, kí la fẹ́ fi fámpáyà òyìnbó ṣe? Ṣé àwọn àjẹ́ wa ò mu ẹ̀jẹ̀ ni? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Orúkọ rẹ̀ gan-an, "fámpáyà", ṣé Yorùbá nìyẹn?

Olùkọ́_Àgbà · 7:10 àárọ̀

"Òkú amùjẹ̀" ni mo máa ń pè é ní kíláàsì. Àwọn ọmọ á gbọ́, wọ́n á sì pè é ní fámpáyà. Ọ̀rọ̀ náà ti wọlé, àwa la sì ní kó wọlé.

Ti àjẹ́: àjẹ́ kì í ṣe òkú, kì í sì í ṣe àlejò. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Kò dúró de pé kó o ṣílẹ̀kùn, ó ti wà nínú yàrá kí wọ́n tó bí ọ. Ẹ̀rù ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ohun kejì ni pé àwọn ìyá àgbà ṣì wà tí wọ́n ń lù, tí wọ́n ń lé jáde nílé ọmọ wọn, nítorí pé ẹnì kan pè wọ́n ní àjẹ́. Kò sẹ́ni tó lé ìyá rẹ̀ jáde rí nítorí Dracula. Ẹni tó bá fẹ́ kọ àjẹ́, kó ro ìyẹn kó tó gbé kálámù.

Ọmọ_Ẹlẹ́kọ · 7:15 àárọ̀

Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà. Orúkọ yẹn nìkan ni mi ò gbà.

AríFíìmù_Houston · 7:48 àárọ̀

Ṣé kò sẹ́ni tó máa dárúkọ fíìmù Sinners ni? (Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó fo ìdáhùn yìí.) Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ wò ó ní 2025.

Mississippi ni, ní 1932. Àwọn ìbejì kan, Smoke àti Stack, Michael B. Jordan ló ṣe àwọn méjèèjì, ra ilé tí wọ́n ti ń la gẹdú tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ilé ijó fún àwọn èèyàn dúdú. Lóru ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, òyìnbó mẹ́ta gbé ohun èlò orin wá sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kọrin. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ káwọn wọlé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn ò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wọn ni Remmick, fámpáyà tó ti wá láti Ireland láyé àtijọ́.

Ohun tó mú ọkùnrin yẹn wọ̀ mí lára ni pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló bá wá. Ọmọkùnrin kan wà nínú ilé, Sammie, tí orin rẹ̀ lè kó àwọn tó ti kú àti àwọn tí wọn ò tíì bí jọ sójú agbo kan. Remmick ti pàdánù àwọn èèyàn tirẹ̀, ó fẹ́ fi ọmọ yẹn rí wọn. Wọ́n ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn bàbá tirẹ̀ náà rí, wọ́n sì fi àdúrà tí kì í ṣe tiwọn lé wọn lẹ́nu. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ Sammie, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run". Ó rò pé ìyẹn á lé e. Remmick bá a kà á. Ó mọ̀ ọ́n sórí. Irun orí mi dìde.

Wunmi Mosaku, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Zaria, tó dàgbà sí Manchester, ló ṣe Annie, obìnrin tó mọ ewé. Òun ló tètè mọ ohun tó dúró síta. Wọ́n ń jẹ aáyù lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣì jẹ́ èèyàn nínú wọn. Síbẹ̀, láti inú ilé lẹnì kan ti pariwo pé kí wọ́n wọlé, nítorí wọ́n ti fi ọmọ rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. Wọn ò fọ́ ilẹ̀kùn.

Alábòójútó · 8:02 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ tú òpin fíìmù tuntun síta, kó kọ ìkìlọ̀ náà gàdàgbà lókè. AríFíìmù kọ ọ́, àmọ́ inú àkámọ́ ló fi pa mọ́ sí.

Arìnrìn_Òru · 9:27 àárọ̀

Láti àná lẹ ti ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Èmi ò gbà. Bí fámpáyà ṣe ń wọlé ni ilẹ̀kùn. Kí ló ń mú kí n bá a jókòó pẹ́? Àkókò ni.

Ẹ rántí Claudia nínú Interview with the Vampire. Nínú ìwé tí Anne Rice kọ, 1976, ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan lára wọn. Ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà, ara rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Nínú fíìmù ti 1994, inú bí i, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé irun rẹ̀ dànù, irun pípọ́n tó lọ́ bí ti bèbí. Kò pẹ́ tó rí i pé irun náà ti hù padà bó ṣe wà. Ó ké. Mo ti gbàgbé gbogbo ọrùn tí wọ́n bù jẹ nínú fíìmù yẹn. Mi ò gbàgbé igbe yẹn.

Rice ti sin ọmọ rí. Michele lorúkọ ọmọbìnrin náà, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á ní 1972, kò tíì pé ọmọ ọdún 6. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló jókòó ti ìwé yẹn. Látìgbà tí mo ti mọ̀, mi ò rí i kà bí ìtàn ẹ̀rù mọ́.

Àdùkẹ́, ọkùnrin rẹ ti lo 200 ọdún. Ta ló ti sin? Ṣé Ìbàdàn ló wà nígbà ogun Kírìjì? Ṣé ó máa ń ṣì í sọ, tí wọ́n bá béèrè owó ilé, kó ní "ọ̀kẹ́ kan", bí ẹni tó ṣì ń ka owó ẹyọ? Gbogbo ojú-ìwé 34, ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó jọ ọmọ rẹ̀?

Àdùkẹ́_Òǹkọ̀wé · 9:40 àárọ̀

Kò sí. 200 yẹn, mo kàn kọ ọ́ ni. Ojú ń tì mí.

Bísí_Ojú_Òru · 10:11 àárọ̀

Ẹ máa bú mi, mo mọ̀, àmọ́ mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ìwé Twilight. Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí mo kà á. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà fún àwa méje ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìdè rẹ̀ ti já, a ń pín ojú-ìwé rẹ̀ bíi búrẹ́dì. Ẹni tó wà níwájú á kà tán, á ná an sí ẹni tó kàn. Kì í ṣe nítorí pé ara Edward, fámpáyà inú rẹ̀, ń dán nínú oòrùn. Ebi ń pa á, oúnjẹ jókòó tì í ní kíláàsì, ó sì nífẹ̀ẹ́ oúnjẹ náà. Gbogbo ojú-ìwé ni mo fi ń retí pé ó máa ṣubú. Ẹni tó ń kó ara rẹ̀ níjàánu, èmi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó kàn ń bunijẹ, ajá náà ń ṣe é.

Kòsómi · 10:14 àárọ̀

Ẹni tí wọ́n bí ní 1901, tó ṣì ń jókòó ní kíláàsì báyọ́lọ́jì. WAEC mélòó ló fẹ́ ṣe?

Bísí_Ojú_Òru · 10:15 àárọ̀

O ò wúlò.

Bàbá_Fíìmù · 11:30 àárọ̀

Bísí, òótọ́ lo sọ, àmọ́ mo ti lé ní 60, mi ò ní ka ìwé yẹn.

Àdùkẹ́, ta ló ń sọ ìtàn rẹ?

Àdùkẹ́_Òǹkọ̀wé · 11:34 àárọ̀

Fámpáyà náà fúnra rẹ̀, sà. "Èmi" ló fi ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá_Fíìmù · 11:58 àárọ̀

Mo fura bẹ́ẹ̀. Nínú Dracula, gbogbo èèyàn ló ń kọ nǹkan. Lọ́yà ń kọ ìwé ìrántí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń kọ lẹ́tà, dókítà ń sọ tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, wọ́n gé ìwé ìròyìn mọ́ ọn. Ẹnì kan tí a kì í ka ìwé ìrántí tirẹ̀ ni Dracula. Tá a bá ti kúrò ní orí kẹrin, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́.

Ọkọ̀ Demeter tó gbé e wá ńkọ́? Àkọsílẹ̀ ọ̀gá ọkọ̀ là ń kà. Ẹnì kan di àwátì. Ọjọ́ díẹ̀, ẹlòmíràn. Ọ̀gá ọkọ̀ ò mọ ohun tó gbé sábẹ́ ọkọ̀. Àwa tí à ń kà á mọ̀, ẹnu wa ò sì gbà á láti sọ fún un. Nígbà tí ọkọ̀ fi orí gúnlẹ̀ ní Whitby, òkú ló wà nídìí wíìlì, ó ti so ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú àgbélébùú. Ajá ńlá kan fò látinú ọkọ̀, ó sá wọ òkùnkùn. Nínú gbogbo ìyẹn, Dracula ò sọ gbólóhùn kan.

Arìnrìn_Òru · 12:09 ọ̀sán

Ṣùgbọ́n sà, fámpáyà ló ń sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ìwé Rice. Louis jókòó níwájú rẹ́kọ́dà, ó fi gbogbo òru sọ̀rọ̀. Ó sì dùn.

Bàbá_Fíìmù · 12:20 ọ̀sán

Nítorí pé Louis ń ṣàròyé ni. Ó kórìíra ohun tó dà. Ọkùnrin Àdùkẹ́ ń yangàn. Ẹni tó ń yangàn, má fún un ní máíìkì.

Ìyá_Ìbejì_Peckham · 3:45 ọ̀sán

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí sùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé.

Fámpáyà máa jìyà ní London. Ọdún 11 nìyí tí mo ti ń gbé ilé yìí, aládùúgbò mi kò pè mí wọlé rí, èmi náà kò sì pè é. Àmọ́ Mọ́kọ́lá? Ẹni tó ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà, bí olè ló ń kọjá, á ní "Ẹ wá jẹun." Kò ní rò ó kó tó sọ ọ́. Ẹni tó ń kọjá náà mọ èsì rẹ̀: "Á gba ibi ire o." Á sì máa lọ. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìkíni lásán ni, oúnjẹ náà ò tiẹ̀ tó ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Àdùkẹ́, fámpáyà rẹ nìkan ni ẹni tí kò ní mú un ní ìkíni.

Olùkọ́_Àgbà · 3:52 ọ̀sán

Ìyá Ìbejì, ẹ ní ẹ ò mọ̀wé.

Nọ́ọ̀sì_Òru · 3:58 ọ̀sán

Ara mi bù máṣọ.

Àdùkẹ́_Òǹkọ̀wé · Ọjọ́ Àìkú, 8:36 alẹ́

Mo ti pa ojú-ìwé 34 yẹn rẹ́. Kò rọrùn, mo sunkún díẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú ilé náà ló ń sọ̀rọ̀ báyìí, Rìsí, ọmọ ọdún 9. Ẹ bá mi wo èyí:

*Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́. Màmá mi gbé àmàlà sí ẹnu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn wà, èmi ń di àtùpà mú. Alájọgbé wa tuntun ń bọ̀ láti ẹnu géètì. Bàtà rẹ̀ ò dún. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó dúró. Ìka bàtà rẹ̀ kan ìlà tí símẹ́ńtì yàrá wa ti bẹ̀rẹ̀, kò kọjá á.*

*"Ẹ káalẹ́ mà."*

*Màmá mi ò gbójú sókè. "Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ wá jẹun."*

*Gbogbo ilé wa ló mọ èsì. Bàbá Fọlá kì í tiẹ̀ jẹ́ kí Màmá mi sọ ọ́ tán kó tó ní á gba ibi ire. Ọkùnrin yìí kò sọ ọ́. Ó wo abọ́. Ó wo ọwọ́ Màmá mi tí ọbẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó wo ọrùn mi.*

*"Ẹ ṣeun mà," ló wí. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó jókòó.*

Ìyá_Ìbejì_Peckham · 8:50 alẹ́

Yọ "ó wo ọrùn mi" kúrò. A ti mọ̀. Jẹ́ kó wo àtùpà, kó sì ní kí ọmọ náà yí i sílẹ̀ díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òru · 8:57 alẹ́

Kò fọwọ́! Ẹni tó fẹ́ jẹ àmàlà gbọ́dọ̀ fọwọ́. Jẹ́ kí Màmá ní kí Rìsí bu omi sí i lọ́wọ́, kí ọkùnrin náà sì fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Bàbá_Fíìmù · 8:58 alẹ́

Omi tó ń ṣàn!

Àdùkẹ́_Òǹkọ̀wé · 8:59 alẹ́

Yéè. Mò ń lọ kọ ọ́.

Kòsómi · 9:06 alẹ́

Ẹ dúró ná, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn mi. Lánlọ́ọ̀dù mi kì í kànkùn.